HILUX ÀTIJỌ́ ÀTI HILUX TUNTUN: ÈWO LÓ YẸ KÍ OWÓ ÀJẸṢẸ́KÙ WA RÀ?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti pọ̀ lẹ́nu wa jù látìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù kéékèèké ti ń dá owó jọ láti ra píkọ́ọ̀pù tiwọn. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń wí tiwọn, àwọn ará Ifọ́n àti Ìdóàní ń wí tiwọn. Ohun tó ń dá awuyewuye sílẹ̀ jù ni pé, ṣé Hilux àtijọ́ tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀ ni ká rà, àbí ká forí tì í ká ra èyí tó dé lẹ́nu àìpẹ́ yìí? Èmi akọ̀wé yín ti bi àwọn mẹkáníìkì léèrè, mo ti bi àwọn dírẹ́bà tó ń kó gàrí àti epo mi, mo sì ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ wo ìdí rẹ̀ pẹ̀lú wọn, tí aṣọ mi sì gba ọ́ìlì. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó ní kí ọmọ rẹ̀ kà á sí òun létí.

Kó tó di pé Hilux gba títì, Píjó 504 ló ń kó ẹrù wa. Lọ́dún 1975 ni ilé iṣẹ́ PAN tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí to Píjó 504 pọ̀ nílẹ̀ wa níbí. Àwọn àgbà inú wa ò tíì gbàgbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀, bó ṣe máa ń kó iṣu bọ̀ láti oko tí ìdí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Ìyẹn ti kógbá sílé báyìí, àfi ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ṣẹ́kù. Toyota ló gbapò rẹ̀.

Ọdún 1968 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Hilux ní ilẹ̀ Japan. Orúkọ kan náà ni ọkọ̀ náà ń jẹ́ látìgbà yẹn, ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á tún un ṣe látòkè délẹ̀. Àtúnṣe kọ̀ọ̀kan báyẹn ni mo ń pè ní ìran, bí ẹni ń sọ pé bàbá, ọmọ, ọmọ-ọmọ. Ọkọ̀ méjì lè jọra lójú kí inú wọn má bá ara wọn tan rárá, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta ọkọ̀ fi ọ̀dà àti iná iwájú tàn yín. Ìran mẹ́rin ló kàn wá. Ìran karùn-ún jáde ní 1988, ìran kẹfà ní 1997. Ìran keje bẹ̀rẹ̀ ní 2004, òun ló sì wà lóde títí dé 2015. Ìran kẹjọ jáde ní oṣù karùn-ún 2015. Wọ́n ti ṣí aṣọ lójú ìran kẹsàn-án ní Thailand ní oṣù kọkànlá 2025, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìjọba àti àwọn olówó ná. Owó àjẹṣẹ́kù wa ò dé ibẹ̀.

Ká tó dé orí ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹrù, torí ẹrù la fẹ́ fi í kó. Hilux jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀yin oníkòkó mọ tọ́ọ̀nù kan dáadáa, àpò 16 ni. Ẹ̀yin elépo, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, bí ẹ bá kó 40 jọ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀yin onígàrí tó ń di àpò oníkílò 50, àpò 20 ni tiyín. Mo mọ̀ pé ẹ óò rẹ́rìn-ín, torí ta ló ń kó àpò kòkó 16 lọ́jà wa? Wọ́n á kó 25, wọ́n á tún gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e, èèyàn mẹ́ta á tún jókòó sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á ní ọkọ̀ náà ò sọ pé ó wúwo. Ọkọ̀ ò lẹ́nu ni. Ṣọ́kì àti bíárì ìdí táyà ló máa sọ ọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ohun kan tún wà tí a kì í fojú sí. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ onílẹ̀kùn mẹ́rin, ibi tí èrò ń jókòó ti jẹ nínú ibi ẹrù. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò gùn ju bí ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, nígbà tí ti onílẹ̀kùn méjì ju 7 lọ. Nínú àwọn ìran àtijọ́, onílẹ̀kùn méjì pọ̀. Nínú àwọn tuntun, onílẹ̀kùn mẹ́rin ló kún ọjà, torí ilé iṣẹ́ àti ìjọba ló ń rà wọ́n, ọ̀gá ni wọ́n fi ń gbé. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ọ̀gá lẹ fẹ́ gbé àbí tòmátì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹ́ńjìnì, torí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ gidi wà.

Ìran karùn-ún àti ìkẹfà tó ń mu dísù, ẹ́ńjìnì púpọ̀ nínú wọn kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Àwọn mẹkáníìkì ń pè wọ́n ní 2L, 3L àti 5L. Pọ́ǹpù irin ló ń fún dísù sí wọn nínú, irin ló ń ti irin. Bí ó bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, mẹkáníìkì abúlé tó ní sípánà mẹ́ta á tú okùn dísù, á fọwọ́ pọ́ǹpù lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ọkọ̀ á dáhùn. Ẹ̀yin tó ń lọ kó ẹrù ní oko Òkèlúsè lákòókò òjò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Dísù tí kò mọ́ tó kò ní tètè pa á. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lágídí lórí òkè. Bí ẹrù bá wúwo, ẹlẹ́sẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lára rẹ̀, èéfín dúdú á sì bo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní bẹ́líìtì kan nínú tí wọ́n ń pè ní táímíìnì, tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ bó bá ti rin nǹkan bíi 100,000 kìlómítà. Bí ìyẹn bá já lójú ọ̀nà, inú ẹ́ńjìnì á fọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ra ọkọ̀ náà ọwọ́ kẹta, ọwọ́ kẹrin, kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ máa ṣe bí ẹni pé wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ rí, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Èyí tó kéré jù nínú ìran kẹfà ti tó ogún ọdún báyìí. Ọkọ̀ míì nínú wọn dàgbà ju dírẹ́bà tó ń wà á lọ. Kò tún sí tòkúnbọ̀ gidi níbẹ̀ mọ́. Èyí tí ẹ óò rí, orí títì Nàìjíríà ló ti gbó. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì wà ní Ládípọ̀ l'Ékòó, ó sì wà ní Uwelu ní Benin, níbi tó rọrùn fún àwa ará Ọ̀wọ̀ àti Ifọ́n láti dé. Bọ́dì rẹ̀ ló ń dójú tini, torí pánẹ́ẹ̀bítà á ti lẹ̀ ẹ́ títí tí kò fi ní sí irin mọ́.

Ìran keje ni ẹ ń rí jù lójú ọ̀nà, èyí tó fẹ̀ tó sì ga ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ tó ń mu dísù ni wọ́n ń pè ní D-4D, ó wà ní 2.5, ó sì wà ní 3.0. Ó lágbára, ó yára, kì í mu dísù púpọ̀. Bí ẹ bá wà á lọ sórí òkè pẹ̀lú ẹrù, inú yín á dùn. Wàhálà rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Pọ́ǹpù rẹ̀ ń fi agbára ńlá ti dísù gba inú nọ́sù tí ojú ihò rẹ̀ kéré gan-an, bí ẹni ń fi omi gba ojú abẹ́rẹ́. Dísù inú jẹ́ẹ̀ríkánù ẹ̀bá ọ̀nà, tí omi àti ìdọ̀tí ti wọ̀, lè ba nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í sì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ló lè tún un ṣe. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ óò wá kiri.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, ẹ̀yin tó fẹ́ ra D-4D, pàápàá 3.0. Lábẹ́ nọ́sù kọ̀ọ̀kan, wáṣà pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi bàbà ṣe. Bí wáṣà náà bá gbó, iná inú ẹ́ńjìnì á máa jò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, èéfín dúdú á máa wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á dì bí ọ̀dà. Ọ̀dà yìí á lọ dí asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò ọ́ìlì, ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa ọ́ìlì mu. Ọ́ìlì kò ní lè gòkè mọ́. Ẹ óò yọ igi ìwọ̀n ọ́ìlì wò, ẹ óò rí i pé ọ́ìlì kún, síbẹ̀ òùngbẹ ọ́ìlì ló ń pa ẹ́ńjìnì. Ọjọ́ kan báyìí, á nọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní aráyé ló ṣe é. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí mẹkáníìkì tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, tú ìkòkò ọ́ìlì ìdí rẹ̀ wálẹ̀, kó wo asẹ́ náà. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sí àyè fún ìyẹn, ẹ dáwọ́ owó yín padà sínú ìró, kí ẹ máa lọ sílé. D-4D náà ní bẹ́líìtì táímíìnì bíi ti àtijọ́.

Ìran keje yìí kan náà ní èyí tó ń mu bẹntiróòlù, 2.7, tí wọ́n ń pè ní 2TR. Ẹ mọ bọ́ọ̀sì Hiace tí a ń pè ní Hummer, tó ń kó èrò lọ sí Èkó àti Àbújá? Èyí tó ń mu bẹntiróòlù 2.7 nínú wọn, ẹ́ńjìnì kan náà ni. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí gáréèjì tí kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ìlú tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ò dé. Ṣéènì ni táímíìnì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì, nítorí náà kò ní ṣàdédé já bí ọ́ìlì rẹ̀ kò bá gbẹ. Ó ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò níkanra bíi ti D-4D.

Àléébù tirẹ̀ ni ọ̀fun. Títí di oṣù karùn-ún 2023 kò dun ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà lítà kan sì gòkè kọjá 480 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Kò padà wálẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Láti Ọ̀wọ̀ dé Àkúrẹ́ jẹ́ nǹkan bíi 50 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 100. Pẹ̀lú ẹrù, 2.7 á mu bíi lítà 13 tàbí 14. D-4D 2.5 á mu bíi 10. Ìran àtijọ́ 5L á wà láàrin méjèèjì. Bí ẹ bá ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, D-4D á fi bíi lítà 10 pamọ́ fún yín. Ẹ fi iye tí lítà kan jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí ṣe é, kí ẹ sì rántí pé láti bí ọdún mélòó kan ni dísù ti máa ń wọ́n ju bẹntiróòlù lọ, tí ìyẹn sì ń jẹ nínú èrè náà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bèèrè iye tí nọ́sù mẹ́rin D-4D jẹ́. Èmi bèèrè, mo jókòó.

Ìran kẹjọ ńkọ́? Ọkọ̀ tó dára ni, n kò ní purọ́. Ẹ́ńjìnì dísù rẹ̀ ti di 2.4 àti 2.8, ṣéènì ló sì fi rọ́pò bẹ́líìtì. 2.7 tó ń mu bẹntiróòlù ṣì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀, owó rẹ̀ ti kúrò níwájú ẹni tó ń ta ata. Ẹni tó bá sì rí tòkúnbọ̀ rẹ̀ láti Yúróòpù, kó ṣọ́ra fún asẹ́ èéfín tí wọ́n fi sínú sàlẹ́ńsà rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́ fún ilẹ̀ wa kì í sábà ní i. Asẹ́ yìí ń kó èéfín dúdú jọ, á sì máa jó o dànù fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń sáré lọ lójú ọ̀nà gígùn. Dísù ilẹ̀ òyìnbó tí imí ọjọ́ kò pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ní Australia pàápàá, níbi tí dísù ti mọ́, ilé ẹjọ́ dájọ́ ní 2022 pé asẹ́ náà ní àléébù nínú àwọn Hilux tí wọ́n tà láti 2015 sí 2020. Ẹ wá rò ó wò, ọkọ̀ tó ń fi dísù tiwa ra gàrí láti abúlé kan sí èkejì, tí kì í sáré rí.

Àwọn kan tún ń bi mí nípa Tacoma tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé. Kì í ṣe Hilux, ìbátan rẹ̀ ni, Toyota ló ṣe é. Èyí tó jáde láti 2005 sí 2015 lè ní ẹ́ńjìnì 2.7 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn dára. Òmíràn jẹ́ V6 4.0, ẹ má gbìyànjú ìyẹn, epo ni yóò jẹ èrè ọjà yín. Ohun tó burú nínú Tacoma ni ṣásí. Lákòókò òtútù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì ní Amẹ́ríkà kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn á máa jẹ irin ìdí ọkọ̀. Àwọn oníbàárà pe Toyota lẹ́jọ́ níbẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì gbà ní 2016 láti yẹ Tacoma 2005 sí 2010 wò, kó sì pààrọ̀ ṣásí èyí tó bá ti jẹrà. Ta ló mọ̀ bóyá èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa wà lára àwọn tí wọ́n pààrọ̀? Ẹ mú òòlù kékeré dání. Ẹ kan ṣásí náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá níbi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Irin tó dára á dún gan-an. Èyí tó ti jẹrà á dún bí agolo, ìpẹ́ á sì máa já bọ́. Ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, ẹ bèèrè ohun tó ń bò.

Ìwé ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnu ibodè ilẹ̀, èbúté ọkọ̀ ojú omi nìkan ló kù. Síbẹ̀ àwọn ọkọ̀ ṣì ń gba inú igbó Kútọnu wọlé, wọ́n sì máa ń dínwó. Ó dínwó torí pé aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà Benin pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ara ṣásí wé ti inú ìwé aṣọ́bodè, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má fo ìkankan.

Mo ní láti sọ ti ọ̀nà wa náà. Gbogbo wa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ẹlẹ́gbẹ̀ká ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá 2020, nígbà tí àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ifọ́n, Ọba Israel Adéusi, lójú ọ̀nà. Láti ìgbà náà, ẹni tí ọkọ̀ bá kú sí lọ́wọ́ láàrin Ọ̀wọ̀ àti Ifọ́n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrù tó bàjẹ́ mọ́. Nítorí ìyẹn ni n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí a kàn ra èyí tó bá pọ́ọ́kú jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń dán jù ń fa ojú mọ́ra, torí Hilux tuntun onílẹ̀kùn mẹ́rin, ọkọ̀ alágbára ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí.

Èrò tèmi nìyí, ẹni tó bá ní èyí tó dára ju èyí lọ kó sọ ọ́ nípàdé. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé oko sí ọjà ni iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, tí kò jìnnà, kí wọ́n wá ìran kẹfà onílẹ̀kùn méjì, ẹ́ńjìnì 5L, tí bọ́dì rẹ̀ ṣì jẹ́ irin. Ẹgbẹ́ tó ń gba Ifọ́n lọ Benin tàbí tó ń lọ Èkó, kí wọ́n ra ìran keje 2.7 tó ń mu bẹntiróòlù, kí wọ́n sì fara da owó epo rẹ̀. D-4D, àfi bí ẹ bá mọ ẹni tó lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì rí inú ìkòkò ọ́ìlì rẹ̀. Ìran kẹjọ lè dúró ná.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má ná gbogbo owó tán sórí rẹ̀. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún sápá kan fún ọ́ìlì, fítà, táyà, burẹ́ẹ̀kì àti bẹ́líìtì ní oṣù àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ oní-dísù, kí dírẹ́bà máa tú omi ìdí fítà dísù dànù láràárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kó tó ṣíná. Kí ìwé kékeré kan wà nínú ọkọ̀ níbi tí yóò ti máa kọ iye kìlómítà, iye epo àti ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, kí akápò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìpàdé oṣù.